Awò Ìbọn Alhaji Jìbírílù

Ọjọ́ tí gbogbo ará wa ní Lansing ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí Alhaji Jìbírílù mú ìyàwó rẹ̀, Rùkáyátù, dúró sínú otútù Jánúárì, tó ní kó na agolo mílíìkì sókè. Awò ìbọn, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn láti fi wo ọ̀nà jíjìn, ni Alhaji fẹ́ rà. Òun alára wà nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí hítà ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé awò lásán sójú, láìsí ìbọn lábẹ́ rẹ̀, ó ń ti ojú fèrèsé wo ìyàwó rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.

"Ṣé ẹ ti rí i?" Rùkáyátù ló ń bi í lórí fóònù.

"Mo rí agolo. Mi ò tíì rí màlúù tí wọ́n yà sára rẹ̀."

"Alhaji, ẹ ra èyí tó bá wù yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé! Ìka mi ti fẹ́ já!"

"Ṣé èèyàn máa ń ra bàtà láì wọ̀ ọ́ wò ni?"

Ọlọ́pàá kan yà sọ́dọ̀ Rùkáyátù, ó bi í pé, "Ma'am, what are you protesting?"

Ó ní, "My husband!"

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ọmọ ọdẹ ni ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun ò pa eku rí. Irin pẹlẹbẹ kan ló ń yìnbọn sí, ní pápá ìyìnbọn kan lọ́hùn-ún ní Indiana, ẹgbẹ̀rún yáàdì gbáko sí ibi tó ń dùbúlẹ̀ sí. Ọdún méjì ló fi yan awò tó máa fi rí irin náà. Bí Justin tó ń tajà bá gbé èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ jù lọ wá, Alhaji á ní, "It is big, but it is dark. Ṣé inú ìkòkò ni mo fẹ́ máa wò ni?" Bó bá gbé èyí tó mọ́lẹ̀ wá, á fi ìka yí kókó tí wọ́n fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe, á ní kò dún "ká, ká" tó. Ẹ ò rí ìyọnu!

Ọdún kan, ó yá awò Daud, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń yìnbọn, ó fi ń wá oṣù Ààwẹ̀ lójú sánmà. Ilé mẹ́rìnlá ló pè pé òun ti rí oṣù. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan sààrì, oṣù náà ti lọ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú O'Hare.

Lọ́jọ́ agolo yẹn, nígbà tó kan awò kẹta, ó pariwo lórí fóònù pé, "Rùkáyátù, rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ̀rín kẹ̀? Nínú otútù yìí?" Ìbínú pàápàá ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Èyí gan-an ni! Mo mú un!"

Awò náà kọ́ ló lágbára jù. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní pápá títí ó fi mú irin náà dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbà tí igi ń wọ́wé ni Alhaji kú. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Daud wá bá opó rẹ̀ pé òun fẹ́ ra awò náà. Rùkáyátù ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bó bá rí awò náà, inú á bí i. Bó bá sì ronú pé ó ń lọ, àárò ọkọ rẹ̀ á sọ ọ́. Níkẹyìn, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó ní, "Máa gbé e lọ jàre."

Daud dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Màmá, ọkàn mi ò gbà á. Ṣé Alhaji sọ ìdí tó fi mú eléyìí fún yín?"

"Ṣebí màlúù ló rí."

"Màlúù kọ́ o. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ó ní, 'Daud, àwọn tó kù, agolo ni wọ́n fi hàn mí. Eléyìí fi èjí ìyàwó mi hàn mí. Awò tó bá rí èjí Rùkáyátù, irin wo ló máa sá pamọ́ fún un?'"

Rùkáyátù jókòó gbì. "Ọkùnrin yìí! Kò sọ fún mi rárá!"

Nígbà tó dìde, ilé ìdáná ló gbà lọ. Ó gbé agolo mílíìkì wá, ó fi í lé Daud lọ́wọ́. "Lọ dúró sí ìparí títì yẹn."

Ó gbé awò sójú lójú fèrèsé, ó pe Daud lórí fóònù. "Nà á sókè! Rẹ́rìn-ín!"

Daud rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ hàn kedere, àti èyí tó ká níwájú. Rùkáyátù rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dà pọ̀ mọ́ ọn.

"Màmá, otútù ń pa mí o! Ṣé kí n máa bọ̀ wá gbé awò mi?"

"Máa bọ̀ wá mu tíì. Awò ọkọ mi kì í ṣe títà."