Eérú Iná Tútù Ilé Àlhájì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi Àlhájì ṣe alágbàtọ́ mi. Àwọn ló bá àwọn àgbà mọ́sáláṣí sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, tí èmi ọmọ ilé kéú fi di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ajah. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó wọn pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan pé kí n máa bọ̀ nílé wọn ní ẹ́sítéètì VGC kíákíá, mi ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni Àlhájà ti pàdé mi.

"Tísà, bàbá rẹ fẹ́ ta ilẹ̀ Lakowe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe iná tútù."

"Ilẹ̀ tí ẹ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ?"

"Òun náà ni. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ kí Àlàásárì tó tó. Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ sáyẹ́ǹsì, ilẹ̀ ni mo gbọ́."

Àlhájì, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, gbé ìgò kan kalẹ̀ ní pálọ̀. Omi wíwúwo, irú omi kan tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń lò, tí wọ́n rà láti òkè òkun ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró sínú omi náà, tí wọ́n so wáyà bátìrì mọ́. Wọ́n ní èérún tín-tìn-tín inú omi ń so pọ̀ nínú irin yẹn, ó sì ń mú ooru jáde láìsí epo, láìsí èéfín; òun ni wọ́n ń pè ní iná tútù. Eérú tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ ni hílíọ̀mù, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúùnù ọmọdé. Irin náà wọ́n bíi wúrà. Èyí tó máa tó ẹ̀rọ ńlá, tí yóò máa tan iná fún gbogbo ẹ́sítéètì, ni wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ rà.

"Ibi tí a bá ti rí eérú, iná ti jó níbẹ̀," ni Àlhájì wí. Wọ́n na ẹnu ẹ̀rọ àlòkù kan tó ń wá hílíọ̀mù sí ìgò. Ó ké fíìn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Mo mọ̀ pé hílíọ̀mù díẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ìbéèrè àwọn tí kò gba iná tútù gbọ́ nìyẹn: ṣé inú ìgò ló ti wá, àbí ìta ló ti wọlé? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹni tó rán mi níwèé? Àfáà mi ìgbà èwe ló kó mi yọ. Bí a bá jáde lọ wo oṣù Ràmádáánì, ẹni tó bá ní òun ti rí i, Àfáà á ní kó yíjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí oṣù tuntun kì í sí. Bó bá rí i níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló ń tàn án.

"Àlhájì, ẹ jẹ́ ká kọjú sí ìlà-oòrùn díẹ̀."

"Ìrun ti tó ni?"

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ yìí sí ohun tí kò sí iná tútù nínú rẹ̀."

A gbé e sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ó ké. A gbé e sí fìlà Àlhájì. Ó ké. Àlhájà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn kan, wọ́n nà án sí i, ó ké. Nígbà tó kan bútà àlùwàlá, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti ìgò lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àlhájì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Tísà, àlùbáríkà náà ti ran gbogbo ilé."

"Sà, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Tàbí kí ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́."

"Ohun tó bá bàjẹ́ á dákẹ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wa tó bàjẹ́, ṣé o ń gbọ́ ohùn rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni sìkìọ́rítì ti pè láti géètì pé àlejò Lakowe ti dé. Àlhájà wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀, mo ń ṣe àdúà lábẹ́ ahọ́n. Àlhájì wo ìgò, wọ́n tún wo bútà.

"Kí ni mo tún ń ra irin òyìnbó fún," ni wọ́n wí, "nígbà tí bútà ń ṣe é jù ú lọ? Sọ fún wọn pé mi ò tà mọ́."

"Àlìhámúdúlílàhì," ni Àlhájà wí jẹ́ẹ́jẹ́. Mo bá wọn wí i, mo sì wí i tọkàntọkàn, nítorí Ọlọ́run kì í bèèrè bí ọgbọ́n wa ṣe tọ́ tó kí Ó tó ṣàánú fún wa.

Nígbà tí Àlàásárì tó, píọ̀ wọ́tà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣe àlùwàlá. Àlhájì ti so wáyà mọ́ bútà.