Igi Kajú Tí Ọmọ Mi Kọ Sínú Ìwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Manigri, ìlú wa, tí orí mi ò tíì ga ju ebè iṣu bàbá mi lọ, mo ṣe eré kan tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí lè máa rò ó pé kí ni eré ọmọdé lè bà jẹ́. Ẹ fara balẹ̀.

Ìyá mi ní oko kékeré kan tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fún un láti fi gbin ẹ̀pà àti ata. Ilẹ̀ dúdú ni, ó sún mọ́ odò, ata ibẹ̀ a sì máa ta ènìyàn lójú kó tó fẹnu kàn án. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin lè gbin ẹ̀pà, ó lè gbin ilá, ó lè gbin ohunkóhun tó máa kú kí ọdún tó yí. Igi ni kò gbọdọ̀ gbìn, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ilé wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Mo jẹ èso kajú tán, omi rẹ̀ ti ba aṣọ mi jẹ́, mo wá kó àwọn kóró náà, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ létí oko ìyá mi, mo tò wọ́n gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Wọn ò fi èmi sílé ìwé. Àwọn kóró yẹn ni mo fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé wọn.

Òjò ò gbàgbé wọn ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n hù dé orúnkún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ baálé wa nígbà náà, gba ibẹ̀ kọjá. Ó pe ìyá mi síwájú gbogbo ilé.

"Ìyàwó, ta ló fún ọ nílẹ̀ tí o fi ń gbin igi?"

Ìyá mi wo àwọn igi náà, ó wo èmi. Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Ó ti mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àṣìṣe mi ni." Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ wọ́n gba oko náà, wọ́n fún un ní ibòmíràn tó kún fún òkúta, níbi tí ata ò ti lágbára àtita eṣinṣin. Títí ìyá mi fi kú, kò bá mi sọ ọ́ rí. Èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo di oníkajú ní ọjà Bassila. Ẹnu mi ni wọ́n fi mọ̀ mí níbẹ̀; àwọn oníbàárà ní ó mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la kajú wò lọ. Bàbá mi, kó tó kú, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ó fẹnu fún mi ní ilẹ̀ kan ní Manigri, ó ní kí n gbin kajú sí i. Gbogbo ilé gbọ́, wọ́n sì panu mọ́ nítorí pé òun ló sọ ọ́. Mo gbìn ín, mo ro ó, ó so. Igi yẹn ló rán ọmọbìnrin mi lọ sí yunifásítì lápá etí òkun.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Ó ní bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń tà fún èkejì ni, àti bí ẹni tó lágbára ṣe ń jókòó sáàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi tú. Mo ní, "Ọdún márùn-ún nítorí ìyẹn? Wá jókòó tì mí fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, màá fún ọ ní dìpúlómù."

Ó ní, "Màámi, nípa tiyín gan-an ni mo fẹ́ kọ̀wé."

Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó wá bá mi ṣa kajú, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí àpò, ó ń bi mí léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ta ló ń gbin igi, ta ni kì í gbìn ín? Mi ò mọ ohun tó tú mi lẹ́nu. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Àfi ibi tí èmi wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo fò.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn a máa gbé àwòrán àwọn tó ti jáde níbẹ̀ àti àwọn tó ṣe dáadáa sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ tán, ọmọ mi fi hàn mí. Ọ̀kan wà nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń bá ara wọn jà lórí ọjà. Mo wò ó, mo ní ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ? Òmíràn, ọmọ Alédjo nítòsí wa, ti padà sílé, ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń fọ́ kajú, wọ́n ń yan án fúnra wọn. Ìyẹn wù mí. Ìgbà náà ni mo rí ojú ọmọ tèmi. Ìwé tó fi parí ẹ̀kọ́ ló dára jù lọ lọ́dún wọn, wọ́n sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ rán an lọ kàwé sí i lókè òkun.

Ilé rédíò kan gbọ́, wọ́n pè é pé kó wá sọ ọ́ ní èdè wa. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Obìnrin kan ní Manigri" ló wí, àti "baálé kan." Ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá dárúkọ kí Manigri tó mọ̀? Bí o bá sín lóko níbẹ̀, wọ́n á ti máa bi ọ́ léèrè ara kí o tó délé.

Ọmọ baálé àtijọ́ yẹn ni baálé wa báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú; nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló dúró tì mí. Ó ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Ọmọ rẹ bú bàbá mi lórí rédíò."

"Ẹ̀gbọ́n, kò dárúkọ wọn."

"Ṣé baálé méjì la ní nígbà tí o wà lọ́mọdé ni?"

Ó ní kí n lọ sí rédíò kan náà, kí n sọ pé ọmọ mi ló hun ún, pé ẹnikẹ́ni ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá mi. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, tèmi ni igi kajú mi títí láé. Bí mi ò bá ṣe é, ilẹ̀ tí wọ́n fẹnu fúnni, ẹnu náà ni wọ́n á fi gbà á.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá pe ọmọ mi ní òpùrọ́, àwọn olùkọ́ rẹ̀ á gbọ́, òkè òkun á di àlá. Bí mi ò bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi darúgbó? Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mi pè mí, ó ń sunkún: "Màámi, ẹ sọ ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ. Igi yẹn ló tọ́ mi."

Mo ní, "Panu mọ́. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo dúró láàárín gbogbo ilé. Mo ní, "Òótọ́ lọmọ mi kọ, àfi ibì kan tí mi ò sọ fún un. Ìyá mi kọ́ ló gbin igi náà. Èmi ni. Eré ni mò ń ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò sọ nígbà náà?"

"Ẹ̀rù bàbá yín bà mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù wọn ṣì ń ba èmi náà." Lẹ́yìn náà ló fajú ro, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ti jáde síta, ẹni tó gbé e jáde gbọdọ̀ rí ìjà rẹ̀. Wọ́n gba igi mi.

Ọmọ mi ti lọ. Nígbà tí kajú jábọ́ lọ́dún yìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò wá sí ìsọ̀ mi ní Bassila. Mo mọ kajú yẹn bí ẹní mọ ojú ọmọ rẹ̀. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan; bó bá wọlé, kò tíì gbẹ. Ó wọlé. Mo ní, "Ẹ lọ sá a sí i. Ẹ sọ fún bàbá yín pé igi yìí ò fẹ́ ìkánjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ayé ti yí padà, mi ò jiyàn. Láyé ìyá mi, obìnrin tí wọ́n gba oko rẹ̀ kò rí ibi tí yóò ti sọ ọ́ ju ìdí ààrò lọ. Lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ ọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ òfurufú ré òkun kọjá. Ọkọ̀ tó máa wọ̀ dé oko Manigri ni kò tíì rí.