Bíríkìlà Tó Ń Tọ́ Yanrìn Wò

Bíríkìlà kan wà ládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ tó máa ń fi ahọ́n tọ́ yanrìn wò kó tó pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì. Tó bá ti gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, á tutọ́, á ní kí wọ́n dá a padà, torí iyọ̀ òkun máa ń jẹ irin inú òpó. Àwọn ọmọ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?"

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ lọ pe ìyá yín kó wá bu omi sí i."

Ó fẹ́ràn igi fùrúùtù ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní atẹ́gùn òkun ti ń gbá a láti kékeré, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Ilé ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀.

Ẹlòmíì ni lánlọ́ọ̀dù wa gbéṣẹ́ fún nígbà tó fẹ́ kọ́ òkè kún ilé. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, bíríkìlà yìí yà kí mi nísàlẹ̀, ó fọwọ́ kan òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹni yẹn fi gbé òkè ró, sìmẹ́ǹtì sì ya bọ́ bí èèpo. Irin inú ẹ̀ ti dípẹtà.

"Ìyá, ta ló ń gbé òkè?"

"Ọmọ mi àtàwọn ọmọ ẹ̀ ni."

"Gbogbo yín, ẹ kó kúrò lónìí."

Mi ò bá a jiyàn. Kílẹ̀ tó ṣú, a ti kó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi.

Ilé náà ò tíì wó. Lánlọ́ọ̀dù ti rẹ́ òpó náà, ó kùn ún lọ́dà, ó sì ti rí ayálégbé tuntun, ìyàwó kan tó lóyún. Mo lọ kìlọ̀ fún ìyàwó náà nípa òpó yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ilé tó dáa báyìí?" Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Àpápá.