Ọ̀gá tí kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní Java, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní Òṣogbo kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹni. Wọn a dúró lẹ́yìn mi, wọn a káwọ́ sẹ́yìn, wọn a ní, "Ẹ̀rọ ti sọ ọ́ fún ọ. Tún un kà." Ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Nígbà kan, ilé ìwòsàn kan ní kí a to orúkọ igba èèyàn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sábẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo lo toMap, àṣẹ tó ń fi orúkọ kan ṣoṣo sábẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀, ó ní irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bá pàṣẹ pé kó máa mú ẹni tó bá dé kẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín.

"Èèyàn mélòó ló jáde?" ni ọ̀gá bi mí.

Mo kà wọ́n. Mẹ́jọ péré! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lábẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n kọ?"

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ọ̀sán pọ́n kí n tó rí groupingBy, tí ó ń kó gbogbo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu jọ sójú kan. Igba èèyàn pé pérépéré.

Bí mo ṣe ń ka orúkọ wọn ni mo rí ti ọ̀gá fúnra wọn. Wọn kò sí lára àwọn mẹ́jọ yẹn; mo ti kọ́kọ́ pa wọ́n rẹ́. Wọ́n mọ̀, síbẹ̀ "Tún un kà" nìkan ni wọ́n sọ.