Ọjọ́ Tí Mo Mú Ọ̀pá Ìjánu Gún Régé

Lọ́jọ́ tí ìjánu ọkọ̀ mi kọ̀ ní àdúgbò Akron nílùú wa, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà ló dá wa dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló sọ pé: “Bàbá àwọn ọmọ, ọkọ̀ tí kò lè dúró, irin àlòkù ni. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ tà á.”

Ọkọ̀ yẹn ju àkọ́bí wa lọ lọ́jọ́ orí. Mi ò fẹ́ tà á.

Mẹkáníìkì kan wá láti àdúgbò Tokpota. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọ ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ìjánu ń gbà lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ìpẹtà ti lu ú. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ ra tuntun.

Ọ̀pá náà rí kọ́lọkọ̀lọ. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní bí a ṣe ń ya ìlà, mo gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gún régé. Mo wọ̀n ọ́n, mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Inú mi dùn.

Mẹkáníìkì dé, ó dúró sojú kan. “Olùkọ́, ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni. Kí n lè wọ̀n ọ́n dáadáa.”

“Ẹ ṣeun o. Ẹ ti nu pátákó kí n tó dà á kọ.”

Àwọn ibi tí ọ̀pá yẹn ti tẹ̀ gan-an ló fẹ́ wò tẹ tuntun. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. “Irin àlòkù ti di méjì!”

Ọkùnrin náà padà sábẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó: ó dijú, ó ń fọwọ́ tọ ikùn ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń wá ọ̀nà tí ọ̀pá yẹn ń gbà. Ó jáde, ó ń tẹ ọ̀pá bàbà tuntun yí ara ìgò ká, kó má baà kán. Nígbà tó gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀pá náà jókòó sínú gbogbo ìdè tó ń dì í mú, ó jìnnà sí ibi gbígbóná, bí ẹni pé ibẹ̀ la bí i sí.

Mẹkáníìkì da epo ìjánu sí i, ó ní: “Màmá, ẹ bá wa tẹ ìjánu.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́!” ni ìyàwó mi ké láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀.

“Ẹ má gbé ẹsẹ̀ o!”

Ó tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lẹ́yìn táyà, afẹ́fẹ́ hó jáde pẹ̀lú epo. Wọ́n tún un ṣe léraléra.

“Ó ti le lẹ́sẹ̀ mi,” ni ìyàwó mi sọ jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà dá wà á lọ sí ìkángun àdúgbò, ó sáré bọ̀, ó tẹ ìjánu. Ọkọ̀ dúró gbọnin níwájú wa. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

Mo lọ síbi ìdarí. “Rárá,” ló wí, “ẹni tó ṣe é ni yóò wà wá.”

Mo wọ ẹ̀yìn.