Ata Ìyá, Ata Ìyà

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé kò sí wàhálà kankan nínú ata gbígbìn. Irú wọn ò tí ì bá Pẹ́ńtà jókòó rí nígbà tó bá ń yan èyí tó máa gbìn. Korobá ọ̀dà méjìlá ló ní. Ó fi ìṣó lu ìdí wọn, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti máa ń ràn láàárọ̀. Korobá méjìlá, igi ata méjìlá, kò lé, kò dín. Bí àkókò bá ti tó, á gbé agolo bisikíìtì tó ń kó hóró èso ata sí wá sórí tábìlì, á to àwọn àpò ìwé kéékèèké sílẹ̀, á wọ awò ojú, á wá máa gbé rodo sókè, á máa sọ ṣọ̀mbọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń yan ọkọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń gbà á. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé abọ́ oúnjẹ sórí tábìlì náà títí ọjọ́ mẹ́ta yẹn á fi pé.

Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni kíkọ nǹkan sójú pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ gún régé. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kán ọ̀dà sábẹ́ lẹ́tà. Ó ní àmì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé aṣọ funfun. Obìnrin kan tó ń ta ọbẹ̀ gbé iṣẹ́ fún un nígbà kan, ó bá a kọ ILE OBE gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkùnrin mẹ́ta ti kó ọ̀bẹ wá pé kí wọ́n bá àwọn pọ́n ọn. Nígbà tí obìnrin náà wá fẹjọ́ sùn, ohun tí Pẹ́ńtà bi í ni pé, "Màdáámú, ṣé wọn ò ra ọbẹ̀ kí wọ́n tó lọ?" Wọ́n kúkú rà á.

Ní ti ata, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ bá a jẹun. "Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni" lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àfi bí dókítà ṣe sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ata tó ń ta mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò ọbẹ̀ ti di méjì lórí iná: tọkọ pupa yòò, tìyàwó rí bí omi ìfọwọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fi jẹun nínú abọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ náà dun Pẹ́ńtà wọra, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde ni.

Tàtàṣé kì í ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní kò ní òórùn kankan, àfi bíi kéèyàn máa jẹ àwọ̀ pupa lásán. Ata kan ṣoṣo ló ń wá, ata ìyá rẹ̀. Ìyá ló kó èso rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Ata náà gùn, ó hunjọ, kì í ta rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, gbogbo ilé á máa ta sánsán. Lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ gbogbo rẹ̀ tán ó ku igi kan. Ata kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, kòkòrò sì ti jẹ inú rẹ̀; èso méje péré ni Pẹ́ńtà rí kó jọ níbẹ̀, ìyá sì ti kú, kò sí ibòmíì tí wọ́n ti lè rí i. Nígbà tí àkókò gbígbìn tún ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbìn. Ẹ ṣáà bá mi gbin tìyá mi."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Lásìkò tó ń kó èso méje yẹn jọ náà ni awakọ̀ kan tó ní kó bá òun kọ orúkọ sára tírélà fún un ní ata mìíràn. Òun náà gùn, òun náà hunjọ, wọ́n jọra bí ìbejì. Pẹ́ńtà tó ń fi rodo ṣeré bù ú jẹ, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ tún ríran, ó ní ata tó lè fi ìyà jẹ èèyàn tó báyìí, dandan ni kóun gbìn ín. Òun náà, èso méje ló tọ́jú. Ó wá fi lẹ́tà rẹ̀ tó rẹwà kọ orúkọ sára àpò náà: ATA IYA.

Ẹ ti mọ ohun tó kọ sára àpò tìyá ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ tó tú agolo sórí tábìlì lọ́dún yìí ni ATA IYA méjì jókòó, tí wọ́n ń wò ó. Àyà rẹ̀ já. Ó fi ahọ́n lá èso kan nínú àpò kìíní, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lá ti ìkejì, òfo. Ahọ́n tó ti ń jata láti kékeré, tó tún fi ọgbọ̀n ọdún lá ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè ṣóńṣó, kí ni èso gbígbẹ fẹ́ sọ fún un? Imú ńkọ́? Kẹrosíìnì tó fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ti pa ìyẹn tipẹ́.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ. Ó bá a tó ń gẹ irun fún oníbàárà kan.

"Àbúrò, yanu."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fún mi?"

"Yanu ná. Kó o sọ fún mi èyí tó ta."

Onígbàjámọ̀ kì í kọ ọ̀fẹ́. Ó rún ti àkọ́kọ́, kó tó mí, Pẹ́ńtà ti sọ ìkejì sí i lẹ́nu. Ó rún ìyẹn náà. Lójijì ló ju ẹ̀rọ ìgẹ̀run sílẹ̀, tó lọ ki ẹnu bọ abẹ́ omi ẹ̀rọ.

"Èwo ló ta nínú méjèèjì?"

"Èwo bí i ti báwo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí! Méjèèjì ni! Etí mi gan-an ń ta mí!"

Oníbàárà tó wà lórí àga, tí apá kan orí rẹ̀ ti ń dán tí apá kejì ṣì wà nígbó, bá dìde. Ó ní òun ò ní dúró kí wọ́n wá fún òun náà jẹ.

Méje méje ni Pẹ́ńtà kó jáde nílé, mẹ́fà mẹ́fà ló kó padà. Ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é nídìí tábìlì.

"Bàbá wọn, èwo ni tìyá mi níbẹ̀?"

"Èyí ni," ló wí. Ó na èyí tó sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ sí i, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Obìnrin náà gbà á, ó fi mọ́ àyà. "Ẹ ṣé o, ọkọ mi. Àní láàárọ̀ yìí ni mo ti fọ ọlọ sílẹ̀."

Oṣù mélòó ló kù kí ata so, tó ti fọ ọlọ? Pẹ́ńtà wo àpò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyà ló kó lé e lọ́wọ́ ńkọ́? Ojú ọgbẹ́ tó wà nínú ikùn yẹn ló ń lọ tààrà. Ẹ̀rù bà á gidi.

"Ìyá wọn, jókòó ná."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tìyá ẹ."

Obìnrin náà mú àpò méjèèjì. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.

"Bàbá wọn. Ṣé ìyá tó bí mi àti ìyà lẹ kọ bákan náà?"

"Lẹ́tà kan náà kúkú ni, Ìyá wọn."

"Lẹ́tà kan náà?"

"Tí n bá ti fi àmì sí i, kò ní gún mọ́..."

"Ẹ dákẹ́."

Inú fẹ́ bí obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ó rín in títí tó fi di ikùn mú. Ìgbà tó wá ka èso ni ẹ̀rín tán. "Ṣebí méje ni tìyá mi? Mẹ́fà ni mo rí o." Pẹ́ńtà ròyìn onígbàjámọ̀. "Háà! Ẹ mú ìyá mi fún onígbàjámọ̀ jẹ!"

Ọkùnrin náà wo agolo rẹ̀, ó wo rodo, ó wo ṣọ̀mbọ̀, ó wo ata wẹ́wẹ́ tó ti ń gbìn láti ìgbà ọ̀dọ́. Ó kó gbogbo wọn padà, ó sì dé e pa.

"Mẹ́fà lápá òsì, mẹ́fà lápá ọ̀tún. Kò tún sí òmíì tá a máa gbìn."

"Ata tiyín wá ńkọ́?"

"Màá máa rà á."

Ó sì ń rà á lóòótọ́, òun tó ti ń fi ata tọrẹ kiri àdúgbò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó sú wọn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti ń kọ pátákó, kójú rẹ̀ lè wà lára ewúrẹ́. Igi méjèèjìlá hù, wọ́n yọ òdòdó, wọ́n so, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pọ́n, ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ já ọ̀kan.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Pẹ́ńtà wí. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ó já ọ̀kan lápá òsì, ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, òsúkè gbé e, ohùn ò jáde mọ́. Ọwọ́ ló fi tọ́ka sí apá ọ̀tún.

Obìnrin náà já èyí tó pọ́n jù níbẹ̀. Ó gbé e sí imú, ó bù ú jẹ. Ó ń rún un lọ, àfi bí omijé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀. Pẹ́ńtà sáré gbé omi, òsúkè ń gbé e. "Tu ú! Jọ̀ọ́, tu ú dànù, Ìyá wọn!"

Ó ti ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ gbé omi yín kúrò," ló wí. "Kò ta." Ó sì jẹ ìyókù rẹ̀ tán.