Òróró Àdúrà Lára Láptọ́ọ̀pù Mi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, n kò ní gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí láptọ́ọ̀pù mi kọ̀ tí kò tàn mọ́, nílé wa ní Muṣin. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì wà, ọjọ́ Ajé ni mo sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Mo bú sẹ́kún. Màmá mi gbé ìgò òróró àdúrà wọn, wọ́n gbàdúrà kíkankíkan lé láptọ́ọ̀pù náà lórí, wọ́n sì da òróró sí i.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé dé. Ó mú fíláàṣì kan tí Línúùsì, ètò tó lè tan kọ̀ǹpútà láti ìta, wà nínú rẹ̀ wá. Ó ní bí láptọ́ọ̀pù bá lè tàn láti ara fíláàṣì yẹn, a ó rí iṣẹ́ mi kó jáde. Ó fi í sí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkùnkùn birimù! Ó tún un ṣe títí, láptọ́ọ̀pù kò tiẹ̀ rí fíláàṣì.

Nígbà tó yọ ọ́, ẹnu fíláàṣì ń dán. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló da òróró síbí?"

Ó nu fíláàṣì náà dáadáa, ó fi í sí ihò ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú láptọ́ọ̀pù tàn yòò! Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. Mo fò mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn.

Màmá mi gbọ́ ariwo, wọ́n sáré wọlé tìgò-tìgò. "Ẹ ò rí i? Òróró ti ṣiṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí n tún da díẹ̀ sí i."

Mo fi gbogbo ara bo láptọ́ọ̀pù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi ni kí ẹ dà á sí."